Òkúta Etí Ẹja

Ẹja ní etí. Bí mo bá sọ ọ́, àwọn ènìyàn máa ń fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní níbo ló ń so yẹtí sí. Lóòótọ́, kò sí etí lóde ara rẹ̀. Inú agbárí rẹ̀, lẹ́yìn ojú, ni òkúta funfun méjì wà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Òun ló fi ń gbọ́ràn, òun náà ló fi ń mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀ nínú omi. Ti ẹja mìíràn kéré bí hóró iyanrìn, ṣùgbọ́n ti króókà tóbi tó ẹyọ ẹ̀pà kan. Bí ẹ bá ti jẹ orí króókà rí, ó ṣeé ṣe kí eyín yín ti bá a pàdé, kí ẹ sì ti bú ẹni tó se ọbẹ̀.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi yọ òkúta yìí lórí ẹja ní etí omi Ọ̀jọ́, láyé ìgbà tí owó epo ń ya wọ Èkó, tí gbogbo ẹni tó lẹ́sẹ̀ ń sá tẹ̀ lé e. Bàbá mi tẹ̀ lé tírélà kan lọ sí Òkè Ọya, kò padà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ sí wọ́ọ̀fù ní Àpápá, níbi tí ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì ti tò lọ súà lójú omi, òun náà bá owó lọ. Wọ́n ń la títì márosẹ̀ Àgbádárìgì nígbà náà. Láti Ìyànà Ìbà títí dé Okokomaiko, katapílà ń hó látàárọ̀, eruku pupa ń bà lé aṣọ tí a bá sá. Ọ̀nà ń là fún gbogbo ènìyàn, èmi jókòó sídìí agbọ̀n ẹja. Ó ń dùn mí, n kò ní purọ́.

Ìjọba ló gbà mí síṣẹ́. Wọ́n kọ́ ọ́fíìsì ẹja kékeré kan sí etí omi, yàrá méjì pẹ̀lú tábìlì gígùn kan, wọ́n sì ń wá ẹni tó kàwé díẹ̀ kọjá ìwé mẹ́fà, tí kò sì kórìíra òórùn ẹja. Wọ́n bí mi sínú òórùn ẹja. Ìyá mi ń yan ẹja ní ẹ̀yìnkùlé wa, èéfín rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ ihò imú mi láyé. Ọ̀gá wa, ọkùnrin kan tó kàwé nílùú òyìnbó, máa ń ti Èkó wá pẹ̀lú lándírófà ní ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Ohun tí ó ń wá kò ṣòro láti sọ. Oríṣi króókà mẹ́ta ló ń wọ agbọ̀n àwọn obìnrin wa, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ọmọ ìyá kan náà. Ìjọba fẹ́ mọ èyí tó ń pọ̀ sí i àti èyí tó ń tán lọ nínú wọn. Ní etí omi, króókà ni gbogbo wọn ń jẹ́, kò sí ẹni tó ń béèrè orúkọ ìdílé wọn. Bí wọ́n bá dàgbà, apẹja lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Bí wọ́n bá ṣì kéré, apẹja tó ti fi ogún ọdún pẹja á fi ọwọ́ sọ̀yà, á sì ṣì í.

“Ẹja lè fi ojú tàn ẹ́ jẹ,” ni ọ̀gá wí ní ọjọ́ àkọ́kọ́, “kò lè fi etí tàn ẹ́ jẹ.”

Ó fi òkúta méjì sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó fún mi ní awò tí ń mú nǹkan tóbi. Lójú òkúta náà tó kọ sí inú, àmì kan wà tó dà bí ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ tí kò tíì yọ ẹsẹ̀, orí roboto, ìrù tẹ̀ lé e. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní in. Ìyàtọ̀ wà níbi ìrù àti níbi ìdúró òkúta fúnra rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ìrù rẹ̀ sì lọ gbọọrọ. Ti ìkejì fẹ̀, ìrù rẹ̀ kàn tẹ̀ díẹ̀. Ti ìkẹta, èyí tí kì í jìnnà sí ọ̀sà, ki pọ́pọ́, ó ní kókó-kókó lẹ́yìn, ìrù rẹ̀ sì kákò bí ìwọ̀ ẹja. Orúkọ tí ọ̀gá ń pè wọ́n gùn ju ẹja gan-an lọ, nítorí náà mo sọ wọ́n ní Tẹ́ẹ́rẹ́, Abara-fífẹ̀ àti Ọmọ Ọ̀sà. Láàárín oṣù kan, n kò lo awò mọ́, ojú lásán ni mo fi ń yà wọ́n.

Ìṣòro tèmi kò sí lórí tábìlì, etí omi ló wà. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, orí ni wọ́n fi ń ra ẹja. Oníbàárà á ṣí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja wò bóyá inú rẹ̀ ṣì pupa, á wo ojú rẹ̀, kó tó la ẹnu dúnàádúrà. Ẹja tí orí rẹ̀ bá ti fọ́, wọ́n á ní òkú rẹ̀ ni àwọ̀n bá nínú omi, tàbí pé ẹnìkan ti mú nǹkan lórí rẹ̀ lọ ṣe aájò. Nígbà tí mo kọ́kọ́ mú ọ̀bẹ lé orí króókà obìnrin kan, igbe tí ó ké, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ lójú omi gbọ́ ọ. Wọ́n lé mi. Ọmọ wọn ni mí, wọ́n sì lé mi bí ewúrẹ́ tó wọ inú gàrí.

Ìyá mi ló gbà mí sílẹ̀. Ó ní kí n wá máa fi ẹja tòun kọ́ ọwọ́. Odidi ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ba ẹja rẹ̀ jẹ́, kò bínú, kò tilẹ̀ pòṣé. Ní ọjọ́ kẹwàá, mo ṣí ìdérí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja kan, mo ti ìka kọjá ibi pupa tó fi ń mí, mo fi ṣónṣó ọ̀bẹ kékeré gé egungun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lókè ibẹ̀, mo fi ẹ̀mú fa òkúta méjèèjì jáde, mo sì dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà padà. Ẹ kò lè mọ̀ pé ẹnikẹ́ni dé ibẹ̀. Ìyá mi gbé ẹja náà dání, ó ń fi í han gbogbo etí omi. “Ọwọ́ ọmọ mi nìkan,” ni ó ń wí, “ẹ má jẹ́ kí ọwọ́ mìíràn kan ẹja yín o!” Láti ọjọ́ yẹn, wọ́n ń ṣí agbọ̀n fún mi. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo dá. Àgò adìyẹ ni mo hun, èmi náà ni mo sì wọ inú rẹ̀.

Nítorí pé láti ọjọ́ yẹn náà, wọn kò gbà fún ẹlòmíràn. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ na ọwọ́ sí ẹja kan lọ́jọ́ kan, obìnrin tó ni ín fi ewé bò ó mọ́ ọn lójú. Bí ara mi kò bá yá, iṣẹ́ ìjọba dúró. Bí mo bá lọ kí àwọn ẹbí mi ní Ọ̀tọ̀-Àwórì ní ọjọ́ méjì, lándírófà á wá gbé mi. Wọ́n ń yìn mí, wọ́n ń yìn mí, ìyìn náà sì ń wúwo lọ́rùn mi. Mo máa ń kó òkúta ọjọ́ kọ̀ọ̀kan wálé nírọ̀lẹ́ láti so wọ́n pọ̀, ti ọ̀tún pẹ̀lú ti òsì, nítorí wọ́n dà bí ẹsẹ̀ bàtà, èyí kò lè rọ́pò ìyẹn. Ìyá mi á gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ tì mí, á máa bá mi so wọ́n, ó sì yára jù mí lọ. Kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n kò ṣi ọ̀tún mú fún òsì rí. Bí a bá sì ti so wọ́n tán, òun á lọ wo iná ẹja rẹ̀, èmi á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá máa yà wọ́n sí oríṣi mẹ́ta. Apá tèmi yẹn kò kàn án, n kò sì ṣàlàyé rẹ̀ fún un rí.

Ìgbà yẹn ni lẹ́tà dé. Ìjọba ń kọ́ ilé ẹ̀kọ́ káàkiri, wọ́n ń wá olùkọ́ lójú méjèèjì, mo sì ti kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ kan ní apá Abẹ́òkúta láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbà mí. Ọjọ́ Ajé kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sígbà náà, ni kí n wọlé. Ẹni tí kò bá dé lọ́jọ́ náà, wọ́n á fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Nítorí pé òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, mo gbọ́dọ̀ mú lẹ́tà ìyọ̀ǹda láti ọwọ́ ọ̀gá mi dání. Mo ka lẹ́tà náà títí ó fi rọ̀ lọ́wọ́ mi bí aṣọ.

Ọ̀gá kà á, ó ká a, ó fà á lé mi lọ́wọ́.

“Mo lè fi ẹ́ sílẹ̀ lónìí,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n ta ló máa ṣe iṣẹ́ ẹ? Mo máa mú akọ̀wé kan wá láti hẹdikọ́tà. Kọ́ ọ. Tó bá lè kó òkúta ogójì ẹja jọ fúnra ẹ̀, tí oríṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú ẹ̀, tí ìwọ náà sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ó péye, mo sáìnì. Tí kò bá ṣe é, àánú ẹ ṣe mí o, mi ò lè dá iṣẹ́ yìí dúró.”

Akọ̀wé náà dé ní ọjọ́ kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbàgẹ̀rẹ̀ àti bàtà gíga tó ń rì sínú ẹrẹ̀ wa. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Àǹtí ló ń pè mí. Lórí tábìlì, ọwọ́ rẹ̀ tètè mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bó ṣe dé etí omi báyìí, agbọ̀n ń dé gbàgà-gbàgà níwájú rẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo dá orúkọ bàbá wọn, mo kí oríkì wọn, mo sọ pé bó ṣe ń ṣe é kò yàtọ̀ sí bí mo ṣe ń ṣe é. Wọ́n ní àwọn gbọ́, wọn kò sì ṣí agbọ̀n. Ìyá mi wà láàárín wọn, ó ń wo ibòmíràn.

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kejì, mo pariwo mọ́ ìyá mi. “Ogójì péré ni wọ́n ní kó kó wá, Màmá! Òkúta ogójì ẹja! Ẹ̀yin ni wọ́n ń gbọ́ tiwọn, ẹ kò sì lè bá mi sọ̀rọ̀ kan!” Ó tún igi iná tò, ó yí ẹja rẹ̀ padà. Mo sùn pẹ̀lú omijé, mo sì jí pẹ̀lú rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹta ni ọjọ́ ìkẹyìn tí ọ̀gá yóò wá kí ilé ẹ̀kọ́ tó wọlé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, akọ̀wé sáré bá mi lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, inú rẹ̀ ń dùn, ó gbé ìdì kan dání. Ó ní ẹnu ọ̀nà ni òun ti bá a, kò mọ ẹni tó gbé e síbẹ̀. Ogójì ìdì kékeré ló wà nínú rẹ̀, òkúta méjì-méjì nínú ewé kọ̀ọ̀kan.

“Àǹtí, wọ́n ti gbà!” ni ó ń wí. “Ọlọ́run ti ṣe é!”

Èmi náà fò sókè. Mo da wọ́n sórí tábìlì. Bí mo ṣe mú èyí àkọ́kọ́ ni ìdùnnú mi ti dín kù. Ó ki pọ́pọ́, ó ní kókó-kókó, ìrù rẹ̀ kákò bí ìwọ̀. Ọmọ Ọ̀sà ni. Mo mú èkejì, Ọmọ Ọ̀sà ni. Mo ṣí ewé ogún, Ọmọ Ọ̀sà ni gbogbo wọn. Àwọ̀ wọn kò funfun bó ṣe yẹ, ó rí bí eérú, ọ̀kan sì rún mọ́ mi lọ́wọ́. Mo gbé ewé sí imú. Èéfín ni.

Ẹja tí a ti yan ni wọ́n fọ́ lórí. Obìnrin kan ṣoṣo ló sì wà ní etí omi wa tí kì í yan òmíràn ju ti ọ̀sà lọ, tó ní èyí tó wá látòkun kì í pẹ́ lórí ààrò kó tó fọ́. Bí ìyẹn kò bá tó, mo wo bí wọ́n ṣe so wọ́n: ogójì méjì-méjì, ọ̀tún pẹ̀lú òsì tirẹ̀, kò sí àṣìṣe kan. Ta ló tún mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì ní gbogbo Ọ̀jọ́, bí kò ṣe ẹni tó ń gbé àpótí tì mí nírọ̀lẹ́? Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ojú mi ṣú. Mo ní lọ́kàn mi pé ìyá mi ló kó ayédèrú fún akọ̀wé kí ó lè kùnà, kí n lè jókòó ti òun títí ayé.

Ọ̀gá dé, ó ní kí n kọ ohun tí mo rí. Akọ̀wé dúró lẹ́yìn mi, kò tíì mọ nǹkan kan. Ìwé ńlá wà níwájú mi. Kò sí ẹni tó lè yẹ̀ mí wò nínú yàrá yẹn, ọ̀gá gan-an nílò awò kó tó mọ̀ ọ́n, kì í sì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo lè kọ méjìlá, mẹ́tàlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, oríṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á pé, lẹ́tà á dọ́wọ́ mi, Abẹ́òkúta á di tèmi. Mo di bírò mú fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo kọ ọ́: ogójì, oríṣi kan, ẹja yíyan, kò wúlò. Mo tẹ bírò náà débi pé ó lu ìwé. Mo sọ fún ara mi pé òtítọ́ ni mo kọ. Irọ́ ni. Ìbínú ni mo kọ, òtítọ́ kàn bọ́ sí i ni.

Ọ̀gá kà á, ó mi orí. “Ṣé o rí i?” ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹni tí ń yin ènìyàn. “Kò sí ẹni tó lè ṣe é bíi tìẹ.” Ó gbé ìwé náà sínú lándírófà, ó ní òun ń lọ sí òkè òkun fún oṣù kan, ó sì ní kí akọ̀wé kó ẹrù rẹ̀ kí wọ́n jọ máa lọ. Ọmọkùnrin náà kò wo ojú mi. Eruku ọkọ̀ wọn bò mí.

Mo rìn wálé, mo ń to ọ̀rọ̀ tí n ó sọ sí ìyá mi lẹ́nu, èyí tó korò jù ni mo fi sí iwájú. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo fi ẹsẹ̀ kọ nǹkan kan. Àpótí páànù mi ni. Wọ́n ti dì í. Aṣọ mi wà nínú rẹ̀, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n ká a, ìró ìyá mi tó dára jù wà lókè rẹ̀, pẹ̀lú ẹja yíyan méjì tí wọ́n fi bébà sìmẹ́ǹtì wé fún ìrìn àjò.

Ìyá mi jáde láti ẹ̀yìnkùlé. Àkísà wà ní ìka rẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn.

“Ṣé ó ti sáìnì?”

Mo ń wo àkísà náà.

“Èmi ni mo ní kí wọ́n máa dé agbọ̀n wọn,” ni ó wí. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀. “Máa bínú sí mi, mo tọ́ sí i. Bàbá rẹ lọ, mo ní kò burú. Ẹ̀gbọ́n rẹ lọ, mo ní kò burú. Mo ní ìwọ ò ní lọ. Ìgbà tí o wá sunkún mọ́jú, mi ò lè jẹun mọ́. Mo lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣí i, wọ́n ní ọ̀rọ̀ mi ti di méjì. Ni mo bá fọ́ orí ẹja tèmi. O ní ogójì. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo so wọ́n bí a ṣe máa ń so wọ́n, ọ̀tún àti òsì. Ṣé ó ti sáìnì?”

Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Lórí ààrò, ẹja ọjà rẹ̀ tò lọ bẹẹrẹ, gbogbo ohun tí ó fẹ́ gbé lọ sí ọjà Okokomaiko ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Kò sí èyí tó ní orí nínú wọn. Ó mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ pé kò sí ẹni tí yóò rà wọ́n. Èmi ni mo sọ ogójì fún un. N kò sọ oríṣi mẹ́ta. N kò sọ fún un pé iná ń ba òkúta jẹ́. Ọdún mẹ́ta ló fi jókòó tì mí, n kò kà á sí ẹni tí a lè ṣàlàyé fún.

“Kò sáìnì, Màmá,” ni mo wí.

“Kí ló dé? Ogójì kọ́ ni?”

“Ogójì ni.”

Ó di ọwọ́ mi mú pẹ̀lú àwọn ìka tó fi àkísà dì yẹn, ó bú ọ̀gá, ó bú ìjọba, ó ní ìkà ni gbogbo wọn. Mo jẹ́ kí ó máa bú wọn. N kò sọ ohun tí mo kọ sínú ìwé náà fún un, ní ọjọ́ yẹn tàbí lọ́jọ́ mìíràn, títí ó fi kú.

Ní ọjọ́ Ajé tí àwọn ẹgbẹ́ mi wọ ilé ẹ̀kọ́, mo ti wà ní etí omi kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, wọ́n ń ṣí agbọ̀n fún mi lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tí mo padà dé, ìyá mi ti se ọbẹ̀. Ẹja aláìlórí ni, òun náà ni a sì jẹ títí oṣù fi parí. Ó bu èyí tó tóbi jù sínú àwo mi. Ó dúró wò mí bí mo ṣe ń jẹ, mo sì jẹ ẹ́ tán.